Ẹ̀kọ́ Kẹrìnlá: Tòlótòló tí yìnyín ṣì wà nínú rẹ̀

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó kọ́kọ́ kà: yìnyín, dì, yọ́, hó, eegun, oríkèé, òróró.

Ẹ ka àwọn ọ̀rọ̀ tó wà lókè yìí sókè lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wo "dì" àti "yọ́" dáadáa. Omi dì, ó di yìnyín. Yìnyín yọ́, ó padà di omi. Àárín ọ̀rọ̀ méjì yìí ni ẹ̀kọ́ tòní wà.

Ẹran tòlótòló tí a ń rà ní dídì la fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, èyí tí àwọn ará Kútọnu ń pè ní kongelé. Kì í ṣe tòlótòló tó ń rìn kiri àgbàlá, tó ń fẹ ìyẹ́, tó ń lé ọmọdé. Ìyẹn, ẹ pa á lónìí, ẹ sè é lónìí, kò ní wàhálà yìnyín. Ti inú páálí là ń sọ: apá rẹ̀, itan rẹ̀, ìdí rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ọkọ̀ ojú omi ti ń kó irú ẹran bẹ́ẹ̀ wá sí èbúté Kútọnu láti Yúróòpù àti láti Bràsíìlì.

Ní Agblangandan wa níbí, lábẹ́ Sèmè-Kpodji, ọ̀nà ńlá tó ti Kútọnu lọ sí Àjàṣẹ́ àti sí ẹnu ibodè Nàìjíríà kò jìnnà sí wa. Ebi ń pa awakọ̀, ebi ń pa oníṣẹ́. Àkàsà, ata gígún àti tòlótòló díndín, kí ni èèyàn tún ń wá? Àwọn kan máa ń sọ pé ẹran dídì kì í ṣe ẹran. Èmi ò bá wọn sọ ọ́. Ẹran ni, bí a bá mọ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbé e bí àpẹẹrẹ. Ìyàwó ilé kan fẹ́ ṣe ìkómọ. Ó ra páálí apá tòlótòló kan, kílò 10, ní alẹ́. Ó tì í sínú fìríjì. Ilẹ̀ mọ́, ẹran ṣì le bí òkúta. Àlejò ń bọ̀ lọ́sàn-án. Ìyá ọkọ rẹ̀ wà nílé. Kí ẹni méjì dìde kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ wọn fún wa.

ÌYÀWÓ: Ẹ káàárọ̀ o, màmá. Ẹran yìí ò tíì yọ́ o. Ẹ jẹ́ n gbé e sóòrùn.

ÌYÁ: Má gbé e sóòrùn, ọmọ mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ á bàjẹ́ kí inú rẹ̀ tó yọ́.

ÌYÀWÓ: Ṣé kí n jù ú sínú òróró gbígbóná bẹ́ẹ̀? Iná á yọ́ ọ fúnra rẹ̀.

ÌYÁ: Háà! Ṣé o fẹ́ jó wa mọ́lé ni?

ÌYÀWÓ: Ẹ má bínú, màmá. Kí wá ni ká ṣe? Àlejò ò ní pẹ́ dé.

ÌYÁ: Gbé ìkòkò ńlá kaná. A ó kọ́kọ́ bọ̀ ọ́. Tó bá jinná dé eegun, a ó wá dín in.

Ẹ ṣeun, ẹ jókòó. Ìyá yìí mọ ohun tó ń sọ. Ẹran tí kò tíì yọ́ tán, èèyàn lè sè é, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Ọ̀nà tí a gbà sè é àti ibi tí ẹran náà sùn mọ́jú ló ń dá wàhálà sílẹ̀.

Kí ló dé tí ẹran dídì fi ń pẹ́ lórí iná? Ju ìdajì ẹran lọ ló jẹ́ omi, omi náà ló di yìnyín. Iná gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ́ yìnyín náà kó tó ráyè se ẹran, yíyọ́ yìnyín sì ń jẹ iná púpọ̀. Ooru tó lè yọ́ yìnyín kílò kan, tí a bá fún omi kílò kan tó tutù bíi yìnyín, omi náà á gbóná dé ìwọ̀n 80. Ẹ sì mọ̀ pé ìwọ̀n 100 ni omi ń hó. Ẹ rí i báyìí pé nígbà tí ẹ rò pé iná ń se ẹran, yìnyín ló ṣì ń bá jà. Ẹ̀yìn ẹran ti funfun, ó ti ń ta sánsán, inú lọ́dọ̀ eegun ṣì tutù.

Nítorí náà ni àwọn tó mọ iṣẹ́ oúnjẹ ṣe sọ pé ká fi ìdajì àsìkò kún àsìkò ẹran tó dì. Bí itan tó ti yọ́ bá ń jinná ní ìṣẹ́jú 40, èyí tó dì á tó ìṣẹ́jú 60, ó tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kẹ́ ẹ fetí sí èyí dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í: ìgbà tí ẹ gbé ìkòkò kaná kọ́ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí ka àsìkò. Bí ẹran dídì bá wọ inú omi, ńṣe ni omi á dákẹ́. Ìgbà tí omi náà bá tún hó, tó ń ru sókè, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ wo aago.

Kó tó dé ìkòkò ńkọ́? Ẹran inú páálí sábà máa ń lẹ̀ mọ́ra bíi bíríkì. Odindi bíríkì kílò 10 kò lè jinná bó ṣe wà, bí iná ti wù kó pọ̀ tó. A gbọ́dọ̀ yà á. Àwọn kan ń là á mọ́ kọnkéré, àwọn mìíràn ń fi àdá gé e. Yìnyín ń yọ̀, àdá á fò, ọwọ́ ló ń bá. Ẹ wá ọ̀rá tí kò jò, ẹ kó ẹran náà sínú rẹ̀, ẹ so ẹnu rẹ̀, ẹ rì í sínú garawa omi tútù. Ní gbogbo ìdajì wákàtí, ẹ da omi náà nù, ẹ bu òmíràn, kẹ́ ẹ yí ẹran náà padà. Ìwé sọ pé nínú omi tútù, kílò kan á gbà tó wákàtí kan. Ṣùgbọ́n omi ìlú òtútù ni ìwé ń sọ. Omi kànga wa níbí kì í tutù bẹ́ẹ̀. Ẹran á yára yọ́ nínú rẹ̀, kòkòrò náà á sì yára jí. Ẹni tó bá lówó lọ́wọ́, kó ra yìnyín díẹ̀ sínú omi náà. Bí apá kan bá ti ya kúrò lára èkejì, ẹ mú un lọ sórí iná. Ẹ má dúró de ìgbà tí gbogbo rẹ̀ á rọ̀.

Inú ìkòkò, ẹ má kó o kún dẹ́nu. Ìkòkò méjì tí ẹran kò há nínú wọn dára ju ẹyọ kan tó kún fọ́fọ́. Ẹ jẹ́ kí omi bo ẹran mọ́lẹ̀. Iyọ̀, àlùbọ́sà, atalẹ̀, ohun tó bá wù yín, ẹ fi sí i. Ẹ dé e, kí iná mú dáadáa títí omi á fi hó. Bó bá ku ẹran díẹ̀ tí kò tíì ya nígbà tí ìkòkò àkọ́kọ́ ti fẹ́ jinná, ẹ má jù ú sí i. Á mú gbogbo ìkòkò tutù, ẹ ò sì ní mọ èyí tó jinná mọ́.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti jinná? Ní ilé ìdáná ńlá, wọ́n ní ẹ̀rọ ìwọ̀n ooru tí wọ́n ń gún bọ ẹran. Bó bá ka 74 níbi tí ẹran ti nípọn jù, ó tó. Ọ̀pọ̀ wa ò ní ẹ̀rọ yẹn. Ẹ mú èyí tó tóbi jù nínú ìkòkò, ẹ gún un ní oríkèé, kí ọ̀bẹ kan eegun. Omi tó bá jáde gbọ́dọ̀ mọ́, kò gbọdọ̀ pupa. Ẹran gbọ́dọ̀ máa ṣí kúrò lára eegun. Ẹ fi ìka kan ara ọ̀bẹ náà: bó bá tutù, yìnyín ṣì wà nínú ẹran nìyẹn. Eegun ẹyẹ tí kò dàgbà tó máa ń pupa nígbà mìíràn bó tilẹ̀ jinná, àwọ̀ nìkan kò tó ṣe ẹ̀rí. Aago ni kẹ́ ẹ fi kún un.

Ó kan ọ̀rọ̀ òróró. Ẹ̀yin tí ẹ ń dín ẹran tà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ níbí. Òróró ìdínran máa ń gbóná tó ìwọ̀n 170 tàbí 180. Omi ò lè fara da ìyẹn. Bí yìnyín bá wọ inú rẹ̀, kíá ló ń yọ́, ó di omi, omi di ooru. Omi ìwọ̀n kan, tó bá di ooru, ààyè tó ń gbà lé ní ìlọ́po 1,600. Ẹ fojú inú wò ó: omi tó kún ife kan ṣoṣo ń wá ààyè ife 1,600 nísàlẹ̀ agbada. Ibo ló fẹ́ gbà? Òkè ni. Ó gbé òróró dání, òróró kan iná gáàsì tàbí èédú, iná sọ. Ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn ìyá rẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní ọjọ́ Ìdúpẹ́ kan tó máa ń bọ́ sí Ọjọ́bọ̀ kẹrin oṣù kọkànlá. Tòlótòló ni oúnjẹ ọjọ́ náà. Àwọn kan máa ń ju odindi èyí tó ṣì dì sínú ìkòkò òróró, iná á sì gba ọgbà. Ọ̀rọ̀ náà wọ́pọ̀ débi pé lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń fi han aráàlú bí iná náà ṣe ń bú. Ilé-iṣẹ́ Butterball tó ń ta tòlótòló níbẹ̀ dá tẹlifóònù kan sílẹ̀ ní ọdún 1981 kí àwọn èèyàn lè máa béèrè bí wọ́n á ṣe sè é. Ọ̀rọ̀ yíyọ́ yìnyín wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè jù. Ẹ ò rí i pé àwọn tó ni tòlótòló gan-an ṣì ń béèrè.

Bí òróró bá gbiná, ẹ pa gáàsì, ẹ fi ìdérí irin bò ó, ẹ fi í sílẹ̀ kó tutù. Ẹ má da omi sí i láéláé. Bó bá jó èèyàn, ẹ máa da omi tútù tó mọ́ sí ojú ibẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má fi epo pupa, ẹyin tàbí ọṣẹ ìfọyín pa á. Bí ojú egbò náà bá fẹ̀, tàbí tó jẹ́ ọmọdé, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ẹran tí a fi sílẹ̀ nílẹ̀ mọ́jú. Ọ̀pọ̀ máa ń gbé e sórí tábìlì ní alẹ́ kó lè yọ́ kílẹ̀ tó mọ́. Èyí ló burú jù lójú tèmi, torí kò pariwo bíi ti òróró. Kòkòrò àìfojúrí wà lára ẹran adìẹ àti tòlótòló tútù. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Salmonella, òmíràn ń jẹ́ Campylobacter. Yìnyín kì í pa wọ́n tán, oorun ló ń kùn wọ́n. Bí ẹ̀yìn ẹran bá ti yọ́ nínú ooru ilé wa, ẹ̀yìn náà ni kòkòrò ti ń bí sí i nígbà tí inú ṣì jẹ́ yìnyín. Bí kòkòrò kan bá rí ooru tó bá a lára mu, ó lè di méjì láàárín ogún ìṣẹ́jú. Ẹ mú ìwé ìṣirò yín, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́:

Ìbẹ̀rẹ̀: 1
Ogún ìṣẹ́jú: 2
Ogójì ìṣẹ́jú: 4
Wákàtí kan: 8
Wákàtí méjì: 64
Wákàtí mẹ́ta: 512
Wákàtí mẹ́rin: 4,096

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ o. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń sọ pé ẹran tútù kò gbọdọ̀ ju wákàtí méjì lọ níta, bí ooru bá sì ti kọjá ìwọ̀n 32, bíi ti ọ̀sán oṣù kẹta wa níbí, kó má ju wákàtí kan.

Ẹnì kan á sọ pé, "Sísè á pa gbogbo wọn." Sísè ń pa kòkòrò, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kòkòrò kan wà tó ń tu oró sínú oúnjẹ, sísè kì í sì í pa oró ọ̀hún. Kòkòrò ti kú, oró rẹ̀ ṣì wà nínú ọbẹ̀. Ẹran tó ti sùn níta mọ́jú, kì í ṣe iná ló máa tún un ṣe. Owó ń dunni, mo mọ̀. Owó ilé ìwòsàn ti ọmọ márùn-ún ń dunni jù ú lọ.

Ẹni tó ní fìríjì, ibẹ̀ ni kó ti yọ́ ọ, nísàlẹ̀ pátápátá, nínú abọ́, kí omi rẹ̀ má baà kán sórí tòmátì tàbí ewé tí a ń jẹ ní tútù. Odindi tòlótòló kílò méjì á gbà tó ọjọ́ kan gbáko. Ti kílò mẹ́rin á gbà ọjọ́ méjì. Bí iná bá lọ, ẹ má ṣí ìlẹ̀kùn fìríjì wò ní gbogbo ìgbà. Bó bá wà ní títì, òtútù rẹ̀ á dúró tó wákàtí mẹ́rin. Ẹni tó sì ra odindi, tó fẹ́ gbé e lọ sínú fúrù oníbúrẹ́dì, kó rántí pé èyí tó ń gba wákàtí mẹ́ta á gba mẹ́rin àbọ̀ bó bá dì. Kó má ki ohunkóhun sínú ikùn rẹ̀, kó sì yọ ọ̀rá kékeré tí wọ́n máa ń fi ọrùn àti ẹ̀dọ̀ sí nínú ibẹ̀ ní kété tí ọwọ́ bá ti lè wọlé.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹran tó ti yọ́ tó tún dì kó tó dé ọwọ́ wa. Ní ọdún 2003 ni Nàìjíríà fi òfin de kíkó ẹran adìẹ àti tòlótòló dídì wọlé. Láti ìgbà náà làwọn onífàyàwọ́ ti ń gba ibodè wa kó o kọjá. Ẹni tó ń sá fún aṣọ́bodè kì í ní fìríjì lẹ́yìn mọ́tò. Ẹran á yọ́ lọ́nà, wọ́n á tún mú un dì níwájú. Ní Kamẹrúùnù, ẹgbẹ́ aráàlú kan tó ń jẹ́ ACDIC gbé ìjà adìẹ dídì dìde ní ọdún 2004, nítorí àwọn àgbẹ̀ wọn àti nítorí ìlera àwọn tó ń jẹ ẹ́, ìjọba wọn sì dá kíkó o wọlé dúró ní 2006. Lọ́jà, ẹ wo páálí kẹ́ ẹ tó sanwó. Bó bá tutù rẹ̀gẹ̀rẹ̀gẹ̀ tàbí tó fún pọ̀, bí omi pupa bá dì sísàlẹ̀ rẹ̀, bí yìnyín bá pọ̀ bí iyọ̀ láàárín ẹran, ó ti yọ́ rí. Ẹran tó ń fà bí omi ilá, tàbí tó ń rùn, ẹ fi sílẹ̀ fún olówó rẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹran tó bá ti yọ́ nínú omi, ẹ sè é kẹ́ ẹ tó dá a padà sínú fìríjì.

Bí ẹnì kan bá jẹ ẹ́ tí inú ń run ún, tó ń bì, tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, omi ara rẹ̀ ló ń lọ. Ẹ po omi mímọ́ lítà kan, ṣíbí kékeré ṣúgà mẹ́fà tí a gé lórí, àti ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀. Ẹ máa fún un mu díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, bí kò bá lè mu omi, bó bá jẹ́ ọmọ ọwọ́, arúgbó tàbí aboyún, ẹ má dúró nílé.

Ìbéèrè

Kí ni ìyàwó kọ́kọ́ fẹ́ ṣe sí ẹran náà? Kí ni ìyá dá a lóhùn?

Itan tó ti yọ́ ń jinná ní ìṣẹ́jú 50. Ìṣẹ́jú mélòó ni èyí tó dì máa gbà?

Omi tún hó ní aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ẹran máa gba ìṣẹ́jú 60. Aago mélòó la máa gún un wò?

Ẹ wo ìṣirò kòkòrò. Bó bá pé wákàtí márùn-ún, mélòó ni wọ́n máa jẹ́?

Odindi tòlótòló kílò mẹ́fà wà fún ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́ wo la máa gbé e sísàlẹ̀ fìríjì?

Ẹ̀yin tí ẹ ń dín ẹran tà lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ sọ fún kíláàsì bí ẹ ṣe ń yọ́ tiyín, ibi tí ẹ ń gbé e sí àti bó ṣe ń pẹ́ tó níbẹ̀. A ó kọ ọ́ sójú pátákó.